Tánǹkì Epo Inú Apá Ọkọ̀ Òfúrufú

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi, ẹ óò tún padà sí i.

Ọmọdé kan ni ó fa ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ. Ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ní Ìrẹ̀sì, níbi tí a ti bí mi. Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, kò sì tíì dìde tán tí ó fi bi mí pé, "Bàbá, wọ́n ní àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfúrufú lẹ́yìnkùlé ilé wọn. Ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Ṣé a lè kan án ní Ìrẹ̀sì níbí?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Níbo wá ni wọ́n ń rọ bẹntiróòlù sí?" Ẹ̀rín mi dá.

Ìdí tí ó fi dá ni pé ìbéèrè àgbà ni ọmọ náà bi mí. Àbúrò bàbá mi ní ẹ̀rọ ìlọgi kan ní ìlú wa nígbà tí mo wà ní kékeré, bẹntiróòlù ni ó sì ń mu. Tánǹkì tí ó bá ẹ̀rọ náà wá ti dípẹtà, ni wọ́n bá ní kí ẹnì kan tí ń kan páànù bá wọn kan òmíràn. Ó kan án, ó dára lójú, ó sì fi ọ̀dà pupa kùn ún. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀dà náà, ní igun kan, òjé tí ó fi jó o kò wọlé dáadáa. Epo ń sun níbẹ̀ bí òógùn. Kò sí ẹni tí ó rí i, nítorí bẹntiróòlù tí ó bá ń sun díẹ̀díẹ̀ a máa gbẹ kí ó tó kán sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ nìkan ni ó kù, ta ni yóò sì ka òórùn bẹntiróòlù sí nínú ilé ẹ̀rọ? Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná ta pàrà lára ẹ̀rọ. Ilé ẹ̀rọ jó, àgbàdo àwọn olóńjẹ jó, àpá iná sì wà ní apá òsì àbúrò bàbá mi títí ó fi lọ bá àwọn baba rẹ̀. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí kankan kò lọ sí i. Orí ilẹ̀ ni èyí ti ṣẹlẹ̀, níbi tí ènìyàn ti lè fò gba ojú fèrèsé. Ẹni tí ó wà lókè, níbo ni yóò fò sí?

Nítorí náà, mo jókòó ti ọmọ náà, mo sì ṣe àlàyé fún un bí mo ti mọ̀ ọ́n. Àlàyé náà ni mo fẹ́ ṣe fún yín.

Ẹ má rò pé ẹni tí ń kan ọkọ̀ òfúrufú nílé ń bẹ̀rẹ̀ láti orí òkúta irin bí alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ kan ni yóò ti gé àwọn páànù, tí yóò ti tẹ̀ wọ́n, tí yóò sì kó wọn sínú àpótí pẹ̀lú ìwé ìtọ́ni. Ẹni tí ó rà á ni yóò wá tò wọ́n pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé onítọ̀hún gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ju ìdajì iṣẹ́ náà lọ kí wọ́n tó kà á sí ọkọ̀ àfọwọ́kàn. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Richard VanGrunsven ni ó dá ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1973, ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ọkọ̀ rẹ̀ kan tí a ń pè ní RV-6A kàn wá ní Nàìjíríà, nítorí pé Ilé-iṣẹ́ Ọmọ-ogun Òfúrufú wa mú un ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n tún un ṣe bí wọ́n ti fẹ́ ní Kàdúná, ní ilé-iṣẹ́ tí a ń pè ní AIEP, wọ́n sì sọ ọ́ ní Air Beetle. Ọkọ̀ tí ènìyàn méjì ń jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni, fún àwọn tí ó ń kọ́ bí a ti ń wa bàálù.

Ẹ̀yin àgbà mọ̀ pé Beetle ni orúkọ mọ́tò Volkswagen kékeré, èyí tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Ìjàpá wá ní apá nìyẹn! Bí ó sì ti rí nínú àlọ́ náà ni ó rí, nítorí pé ìyẹ́ àtọrọ ni: ará Amẹ́ríkà ni ó yá a lò. Àmọ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó kàn án ní Kàdúná, èyí sì ni mo fẹ́ kí ọmọ Ìrẹ̀sì náà mọ̀.

Nísinsìnyí, níbo ni epo ń gbé? Nínú RV-6A, inú apá ni. Ẹ wo apá ọkọ̀ òfúrufú láti iwájú: etí rẹ̀ tí ń gé afẹ́fẹ́ rí roboto, ó sì ṣófo nínú. Ìdá kan nínú etí roboto yìí, ní ìhà tí ó sún mọ́ ibi tí awakọ̀ jókòó, ni wọ́n dé pa tí ó fi di tánǹkì. Ọ̀kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan wà lósì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi lítà 72. Bẹntiróòlù fúyẹ́ ju omi lọ, síbẹ̀ lítà 72 rẹ̀ wọ̀n tó kílò 52. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Bí a bá rọ epo kún, ó dà bí ẹni pé a ti àpò sìmẹ́ńtì kọ̀ọ̀kan bọ inú apá ọ̀tún àti apá òsì. Ọgbọ́n wà nínú èyí. Apá ni ó ń gbé ọkọ̀ ró lójú òfúrufú, ẹrù tí ó bá sì wà nínú apá fúnra rẹ̀ kì í fa apá ya kúrò lára ọkọ̀ bí èyí tí a kó sí àárín. Èkejì ni pé epo kò sí lórí itan awakọ̀.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ alumíníọ́mù? Irin tí ó gba àyè lítà kan wọ̀n tó kílò 7.8, alumíníọ́mù tí ó gba àyè kan náà kò ju kílò 2.7 lọ. Kì í sì í dípẹtà pupa bí irin. Ẹ̀yin ìyá wa mọ èyí lára ìkòkò. Ṣùgbọ́n alumíníọ́mù ìkòkò kọ́ ni ti bàálù. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ara RV ni wọ́n ń pè ní 2024. Wọ́n ti po bàbà díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè le, wọ́n sì fi alumíníọ́mù gidi tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀ ní ìhà méjèèjì kí afẹ́fẹ́ má bà á jẹ. Èyí tí wọ́n fi ṣe tánǹkì kò nípọn tó mìlímítà kan. Bí o bá fi èékánná ta á, yóò dún.

Ibí yìí ni ìṣòro wà. Alumíníọ́mù 2024 kò gba kí a fi iná jó o pọ̀, ó máa ń sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a jó. Ẹni tí ó bá fẹ́ jó tánǹkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú irú alumíníọ́mù mìíràn, bíi 5052, kí ó sì jẹ́ wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ náà dájú. Ẹ bi àwọn wẹ́dà wa léèrè, wọn yóò sọ fún yín. Irin a máa pọ́n kí ó tó yọ́, ó ń kìlọ̀. Alumíníọ́mù kì í pọ́n. Bí o ti ń wò ó ni yóò ṣubú lulẹ̀ bí omi. Ohun tí ó tún burú ni pé èépá kan wà lójú rẹ̀ tí ojú wa kò rí. Alumíníọ́mù fúnra rẹ̀ ń yọ́ ní ìwọ̀n ooru 660, ṣùgbọ́n èépá náà kò ní yọ́ títí ooru yóò fi kọjá 2,000. Inú ti di omi, èépá ṣì wà lókè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń họ ojú rẹ̀ kí wọ́n tó jó o, tí wọ́n sì ń fẹ́ gáàsì tí a ń pè ní argon sí i lórí kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án.

Ọ̀nà kejì ni ti VanGrunsven àti ti Kàdúná: kò sí iná níbẹ̀ rárá. Ríbẹ́ẹ̀tì ni, àwọn ìṣó kúkúrú tí a ń tẹ orí wọn pa ní ìhà méjèèjì, pẹ̀lú àtè. Ẹ rántí àtè tí a fi ń mú ẹyẹ nígbà èwe wa. Àtè tiwọn dúdú, ó sì ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́. Oríṣi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀, ìwọ̀n mẹ́wàá ọ̀kan sí ìwọ̀n kan èkejì, orí òṣùwọ̀n kékeré bíi ti alágbẹ̀dẹ wúrà ni wọ́n sì ti ń wọ̀n ọ́n. Bí ìwọ̀n bá ṣì, kò ní gbẹ, tàbí kí ó gbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí o bá pò ó tán, aago ti bẹ̀rẹ̀, ó lè máà ju wákàtí méjì lọ. Yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, mọ́ aṣọ, mọ́ irun orí. Mo gbọ́ pé kò sí ẹni tí ó ti kan tánǹkì yìí rí tí ìyàwó rẹ̀ kò bínú nítorí aṣọ.

Kí ó tó lo àtè, akàntánǹkì yóò ti fi nǹkan ha gbogbo ibi tí páànù méjì yóò ti pàdé kí ó lè ṣú, yóò fi oògùn nù ún kúrò nínú ọ̀rá, kò sì gbọdọ̀ fi ìka lásán kàn án mọ́. Ọ̀rá ìka kan ṣoṣo tó láti mú kí àtè ṣí kúrò lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà yóò fi àtè sí ìhà páànù, yóò tò ó, yóò rọ́ ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sínú àtè kí ó tó kàn án, yóò sì tún fi òmíràn bo orí rẹ̀ nínú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ríbẹ́ẹ̀tì náà nínú tánǹkì kan ṣoṣo, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ihò.

Níkẹyìn, yóò mú páànù ẹ̀yìn, yóò fi dé e. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ojú ènìyàn kankan kò ní rí inú tánǹkì náà mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èyí ni ó mú mi rántí tánǹkì pupa ti àbúrò bàbá mi. Bí ẹni tí ń kan án bá ti rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà, tí ó sì fo ríbẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láìfi àtè bò wọ́n, ta ni yóò mọ̀? Ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè mọ̀. Olùyẹ̀wò ìjọba, bí ó ti wù kí ojú rẹ̀ mú tó, yóò máa wo ìta. Nígbà kan rí, àwọn kan wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n ń da oògùn olómi kan sínú tánǹkì tí wọ́n ti dé, wọ́n ń mì ín káàkiri kí ó lè dí ihò tí wọ́n fò. Ó dí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó pẹ́, oògùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nínú epo bí ọ̀dà ògiri tí ó gbó, èèpo rẹ̀ sì ń lọ dí ojú asẹ́ tí epo ń gbà lọ sínú ẹ̀ńjìnnì. Ilé-iṣẹ́ VanGrunsven fúnra rẹ̀ wá sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Ẹni tí tánǹkì rẹ̀ bá ń jò lẹ́yìn tí ó ti dé e, ọ̀nà tí ó dára ni pé kí ó lu ojú páànù ẹ̀yìn tí ó fi gbogbo sùúrù kàn, kí ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí ó fi àtè sí ibi tí ó yẹ, kí ó sì tún ìdérí mìíràn kàn mọ́ ihò náà. Iṣẹ́ ẹ̀kún ni.

Báwo ni yóò ti mọ̀ pé ó ń jò? Ẹ lọ wo fọkanáísà lẹ́bàá títì. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà táyà, ó rì í sínú omi, ó sì ń wá ibi tí omi ti ń hó. Bákan náà ni, àfi pé ọṣẹ olómi ni wọ́n ń pa sí ojú ríbẹ́ẹ̀tì ti tánǹkì. Wọn kò gbọdọ̀ fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sí i, nítorí páànù tí kò nípọn tó mìlímítà kan yóò wú, yóò sì ya. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á fi bàlúùnù ọmọdé dé ẹnu páìpù kan. Bàlúùnù náà yóò wú díẹ̀, yóò dúró sójú kan. Bí ó bá jẹ́ pé atẹ́gùn pọ̀ jù, bàlúùnù ni yóò bẹ́, kì í ṣe tánǹkì. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín jẹ o: ní ọ̀sán tí oòrùn mú, bàlúùnù yóò wú sí i, ní òru tí ó tutù, yóò súnkì, olówó rẹ̀ yóò sì máa rò pé òun ti gbé. Kí ó dúró di ìgbà tí ooru bá padà sí bí ó ti wà.

Nǹkan méjì ṣì kù tí tánǹkì tí kò jò pàápàá fi lè pa ènìyàn. Èkíní ni èémí. Ẹ̀yin ọmọdé, kí ló dé tí a fi ń lu ihò méjì sí orí agolo mílíìkì? Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan, mílíìkì kò ní dà dáadáa, nítorí afẹ́fẹ́ kò rí ọ̀nà wọlé dípò èyí tí ó jáde. Tánǹkì bàálù náà gbọ́dọ̀ ní páìpù èémí. Bí agbọ́n tí ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé bá kọ́lé sẹ́nu páìpù yìí nígbà tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, epo lè kún inú tánǹkì kí ẹ̀ńjìnnì sì kú lókè. Awakọ̀ tí ó gbọ́n a máa bẹ̀rẹ̀ wo ẹnu páìpù náà kí ó tó gbéra.

Èkejì ni omi. Bí tánǹkì bá ṣófo díẹ̀ ní òru, ìrì a máa sẹ̀ sínú rẹ̀ bí ó ti ń sẹ̀ sára koríko. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ẹnu kékeré kan sí ibi tí ó rẹlẹ̀ jù lọ nínú tánǹkì. Ní òwúrọ̀, awakọ̀ yóò gbọ̀n díẹ̀ sínú ife aláwọ̀ dígí, yóò gbé e sókè sí oòrùn. Bí omi bá wà, yóò rí i tí ó dá dúró nísàlẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Yóò dà á nù, yóò tún gbọ̀n, títí epo nìkan yóò fi kù.

Ẹ lè sọ pé iṣẹ́ àwọn ọkùnrin tí ó ti gba oyè ẹ̀rọ ni gbogbo èyí. Ní Kpong, lẹ́bàá odò Volta ní Ghana, ọmọbìnrin kan, Patricia Mawuli, wá iṣẹ́ lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú kékeré kan. Àdá ni wọ́n kọ́kọ́ fún un pé kí ó fi ṣán igbó. Láti ibẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń kan ọkọ̀ Zenith CH 701, tí tánǹkì tirẹ̀ jẹ́ èyí tí a jó pọ̀ tí a sì tì bọ inú apá, ó kọ́ bí a ti ń wà á, kí ọdún 2012 tó parí ó ti di obìnrin àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ológun tí ó ń wa ọkọ̀ òfúrufú ní Ghana, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin mìíràn. Ní ọdún 2019, àwọn ọ̀dọ́ 20 ní South Africa, tí wọn kò tíì tó ọmọ ogún ọdún, to ọkọ̀ Sling 4 pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú àwọn àgbà tí ń tọ́ wọn sọ́nà. Ọkọ̀ náà fò láti Cape Town títí dé Cairo. Ẹ fojú wo aginjù tí ó wà láàárín, kí ẹ sì ro ríbẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kàn.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọ wa ní Ìrẹ̀sì. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé agolo òróró kan tí ó ti gé, tí ẹni tí ń kan páànù ní àdúgbò sì ràn án lọ́wọ́ láti fi òjé jó, wá bá mi. Ó ní tánǹkì ni. Mo kọ́kọ́ mú un búra pé bẹntiróòlù kò ní kan inú rẹ̀ láé, omi nìkan ni. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbọ́ mi, ọ̀rọ̀ yín náà nìyẹn o. A jọ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, a rì í sínú ọpọ́n omi rẹ̀, a fẹ́ ẹnu sí i. Igun mẹ́ta dára. Ìkẹrin ń hó.

Ó wo igun náà títí, ó ní, "Bàbá, bí mo bá fi ọ̀dà bò ó ńkọ́?"

Mo sọ ìtàn ẹ̀rọ ìlọgi fún un, mo sì sọ fún un ibi tí ilé ẹ̀rọ náà wà tẹ́lẹ̀, nítorí ó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́. Kò fèsì. Ó mú ẹfun, ó fi yí igun tí ń hó náà ká. Nígbà tí mo fi máa wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo ní ọjọ́ Ajé, ó ti ń fi fáìlì họ òjé àtijọ́ kúrò.